911 Tó Ti Wà Nílẹ̀ Tipẹ́: Àtúnṣe Wo Ló Ṣeé Mánéèjì?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi fi lọ́rì Mercedes 911 kan sílẹ̀ n'Ìbàdàn. Abẹ́ igi máńgòrò ló wà láti ọdún mélòó kan, kò sẹ́ni tó tan án. Mo fẹ́ sọ ọ́ di típà kékeré tí màá fi máa gbé yanrìn. Mẹkáníìkì kan wá wò ó, ó ní kí n wá ọkọ̀ tí yóò fà á, pé bí a bá ti fà á ní jíà, yóò jí. Nígbà tí mo béèrè bíréèkì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "a máa mánéèjì ẹ̀". Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ ní kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí n yéé fowó ṣòfò. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

*

Má tíì gbọ́ ti èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ kò mọ ohun tó fẹ́ tà, mẹkáníìkì yẹn sì ń kánjú gbowó.

Ọdún 1959 ni Mercedes gbé irú ọkọ̀ onímú kúkúrú yìí jáde ní Jámánì. Nígbà tó yá ni wọ́n ń fi nọ́ńbà pè é: 9 ni tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án, ìyẹn ọkọ̀ àti ẹrù pa pọ̀, 11 ni agbára ẹṣin 110. Ẹ́ńjìnì 352 ló wà nínú rẹ̀, sílíńdà mẹ́fà, lítà 5.7 lápapọ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, kò sí sẹ́ńsọ̀ kankan tí yóò máa tan iná pupa sí ọ lójú. Bí dísẹ́lì bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìsí afẹ́fẹ́ nínú, tí ríǹgì písítìnnì sì ń di atẹ́gùn mú dáadáa, yóò ṣiṣẹ́. Torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mọ́lúè Èkó ayé ìjọ́sí fi jókòó lórí ṣásí rẹ̀, torí ẹ̀ náà lo ṣì fi lè rí ẹ̀yà rẹ̀ rà ní Araromi, ní Gate, títí dòní.

Ṣùgbọ́n fífà yẹn, má dán an wò. Ẹ́ńjìnì tó ti pẹ́ nílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìpẹtà ti so ríǹgì mọ́ ara sílíńdà. Bí o bá fi jíà fà á, ohun tó bá le jù ló máa ṣẹ́gun, ríǹgì á sì dá sínú. Ọ́ọ̀lì pàápàá ti ṣàn kúrò lára gbogbo bíárìn látọjọ́ yìí, gbígbẹ ni wọn yóò máa fi ara ha ara.

Yọ nọ́sùlù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ń fín dísẹ́lì sínú sílíńdà. Ta ọ́ọ̀lì díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kí o wá fi sípánà ńlá yí ẹ́ńjìnì láti iwájú, níbi púlì, pẹ̀lú ọwọ́. Bí ó bá yí, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá yí, má fi páìpù gùn sípánà láti fipá mú un. Orí ẹ́ńjìnì ni kí wọ́n ṣí. Lẹ́yìn èyí, tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ àwo ọ́ọ̀lì díẹ̀díẹ̀: bí omi bá ṣáájú ọ́ọ̀lì jáde, gáásíkẹ́ẹ̀tì orí ti lọ, tàbí kí ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀. Dísẹ́lì tó wà nínú táńkì, dà á nù pátápátá, má ṣe sẹ́ ẹ lò.

*

Dírẹ́bà kan tó ń ná Ògèrè ti bínú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ìwé. Ta ni kò mánéèjì ní Nàìjíríà yìí? Bí a bá ní ká dúró de ojúlówó ẹ̀yà, ebi á lù wá pa."

Òótọ́ lo sọ, mi ò bá ọ jà. Èmi náà ti mánéèjì débi tí ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ fi pè mí ní oníṣègùn. Lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, pọ́ńpù kékeré tó ń fa dísẹ́lì látinú táńkì kú mọ́ wa lọ́wọ́, ọsàn ló wà lẹ́yìn ọkọ̀, oòrùn sì ń pa á. A so kẹ́ẹ̀gì dísẹ́lì mọ́ òkè orí ọkọ̀, a fi họ́ọ̀sì já a wọ inú fílítà, dísẹ́lì ń ti òkè ṣàn bọ̀ fúnra rẹ̀. A fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, a tan án, ó gbà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ Èkó, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ń gun òkè lọ bu dísẹ́lì sí i bó ti ń tán.

Ti ọṣẹ tí àwọn kan fi ń dí táńkì tó ń jò ńkọ́? Táńkì tó ń jò, ọṣẹ gbẹrẹfu, èyí tí wọ́n ń gé ní gígùn, ni kí o fi rẹ́ ojú ihò náà. Ó ń dì í, torí pé dísẹ́lì àti bẹntiróòlù kì í yọ́ ọṣẹ. Bí o bá fi omi fọ ibẹ̀ ló máa lọ. Èmi ò rí ohun tó burú ńbẹ̀ bí ó bá jẹ́ láti dé ilé ni. Ọ̀dọ̀ wẹ́dà ni ewu wà, ìyẹn ẹni tó fẹ́ jó táńkì náà láìfọ̀ ọ́. Àwọn èèyàn á ní dísẹ́lì kì í gbiná. Dísẹ́lì tó wà nínú àwo lè má gbiná, ṣùgbọ́n oru rẹ̀ nínú táńkì tó ti gbóná yóò bú gbàmù. Fọ̀ ọ́, kí o bu omi kún un títí yóò fi kù díẹ̀ kó kan ojú ibi tó fẹ́ jó.

Nítorí náà, dírẹ́bà mi, kì í ṣe mánéèjì ni mo ń bá jà. Ohun tó ń mú ọkọ̀ lọ ni mo lè mánéèjì. Ohun tó ń dá a dúró, tó ń darí rẹ̀, tó sì so ẹrù mọ́ ọn, mi ò jẹ́ fi ọwọ́ ọgbọ́n kàn án. Bí ẹ́ńjìnì bá kú lójú ọ̀nà, ìyà yóò jẹ ọ́, ọjà á bàjẹ́, o ó sun inú ọkọ̀. Bí bíréèkì bá kú, àwọn tí kò mọ̀ ọ́ rí ló máa san án.

*

Àwọn mánéèjì bíréèkì tí mo ti rí, kí ẹni tó ní ọkọ̀ lè mọ̀ wọ́n bó bá rí wọn.

Sílíńdà bíréèkì ẹsẹ̀ kan ń jò, wọ́n á ká páìpù rẹ̀ lẹ́nu, wọ́n á fi òòlù lù ú pa, tàbí kí wọ́n fi ìṣó dí i. Ọkọ̀ á di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Lórí títẹ́ o lè má mọ̀. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yóò máa fà sí ọ̀tún tàbí òsì, àwọn ẹsẹ̀ tó kù á gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, bàtà inú dúrọ́ọ̀mù á sì máa yọ̀.

Ọ́ọ̀lì bíréèkì tán, wọ́n á po omi ọṣẹ sí i. Omi ń hó ní dígírì 100, ọ́ọ̀lì bíréèkì gidi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú agolo jáde kò hó títí yóò fi lé ní 200. Bí dúrọ́ọ̀mù bá gbóná, omi yẹn á di oru, ẹsẹ̀ rẹ á sì wọlẹ̀ bí ẹni tẹ afẹ́fẹ́. Àwọn mìíràn á bu ọ́ọ̀lì ẹ́ńjìnì sí i. Ìyẹn tún burú: rọ́bà inú sílíńdà á wú, á rọ̀, bíréèkì á kọ́kọ́ há, lẹ́yìn náà á já. Ẹni tó bá ti ṣe èyí fún ọkọ̀ rẹ, gbogbo rọ́bà láti ibi pẹ́dà dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lo máa pààrọ̀.

Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ jù wà lára tírélà ńlá tó ń lo afẹ́fẹ́ fún bíréèkì. Sípíríǹgì líle kan wà lẹ́yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni kì í jẹ́ kó di ẹsẹ̀ mú. Bí afẹ́fẹ́ bá jò tán, sípíríǹgì náà á dì í fúnra rẹ̀, ọkọ̀ á dúró. Ẹni tó ṣe é ti ronú nípa wa. Àwa wá ń ṣe kí ni? Afẹ́fẹ́ ń jò, ọkọ̀ ò gbà kó lọ, a fi bọ́ọ̀tì ká sípíríǹgì náà sẹ́yìn kó má baà di mọ́. Ọkọ̀ lọ lóòótọ́.

28 oṣù kẹfà 2018, tánkà epo kan já bíréèkì ní afárá Ọ̀tẹ́dọlá, lẹ́nu ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ tó lé ní 50 ló jóná, èèyàn kú sínú rẹ̀. Oṣù kìíní 2023, kọ̀ǹténà já lulẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gbà, orí bọ́ọ̀sì ló já lé, èèyàn mẹ́sàn-án kú. Mi ò sí níbi tí wọ́n ti tún àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn ṣe, mi ò lè sọ ohun tí wọ́n ṣe sí wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti rí tírélà tó ń gbé kọ̀ǹténà jáde láìsí ẹyọ kan ṣoṣo tó ṣì ń tì nínú kọ́kọ́rọ́ igun tó yẹ kó so kọ̀ǹténà mọ́ tírélà, okùn ni wọ́n fi dè é, dírẹ́bà sì ní òun ti ń gbé e bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

*

Ìyá kan tó ní típà bi mí: "Ọ̀gá, wọ́n ti yọ tẹmositáàtì ọkọ̀ mi sọnù. Wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná, òyìnbó ló nílò ẹ̀ nítorí òtútù. Ṣé lóòótọ́ ni?"

Ìyá mi, ọ̀rọ̀ yẹn ti dàgbà jù wá lọ, gbogbo wa la bá a nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣòótọ́. Ẹ́ńjìnì kò bìkítà bóyá Ìbàdàn ló wà tàbí Jámánì. Ó fẹ́ kí omi inú òun wà ní nǹkan bíi dígírì 80 sókè. Bí ó bá tutù jù, dísẹ́lì ò ní jó tán, ọ́ọ̀lì á máa dọ̀tí kíákíá, ara sílíńdà á máa jẹ, ẹ ó sì máa ra dísẹ́lì tí ẹ ò lò. Èyí tí àwọn ọmọ iṣẹ́ kì í gbàgbọ́ ni pé yíyọ ọ́ tún lè mú ọkọ̀ gbóná. Ọ̀nà kúkúrú kan wà tí omi máa ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnì láìdé rédíétọ̀. Tẹmositáàtì ló máa ń ti ọ̀nà yẹn pa bí ó bá ti ṣí ti rédíétọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, apá kan omi gbígbóná á kàn máa yí ká inú ni.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń yọ ọ́ nígbà náà? Torí pé rédíétọ̀ ti dí. Ọkọ̀ gbóná, wọ́n yọ tẹmositáàtì, ó sàn díẹ̀, wọ́n gbowó, wọ́n lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé rédíétọ̀ lọ fọ̀, kí ẹ wá ra tẹmositáàtì tuntun. Kì í wọ́n. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni da ẹyin tàbí ata gígún sínú rédíétọ̀ yín kó lè dí ojú ibi tó ń jò. Yóò dí i lóòótọ́, yóò sì dí ìyókù mọ́ ọn.

*

Ẹnìkan ní kí n sọ bí a ṣe ń kọ́ṣẹ́ nígbà náà, torí pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí fóònù ni wọ́n ń tẹ̀.

Mọ́kọ́lá ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá mi ti bá Bedford jẹ́ kí 911 tó gba ojú ọ̀nà, Bedford onípákó tí wọ́n ń pè ní bọ́lẹ̀kájà. Nígbà tí mo débẹ̀, oríṣi ọkọ̀ méjèèjì ṣì ń wá. Bedford, ọkọ̀ Ìlú Ọba, ínǹṣì ni nọ́ọ̀tì rẹ̀. 911, mílímítà ni. Ìbẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Sípánà 19 àti ti 3/4 ínǹṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgba, ọ̀kan lè rọ́pò èkejì. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé 13 lé nọ́ọ̀tì 1/2 ínǹṣì tó há, ó máa mì díẹ̀, ó máa jẹ igun rẹ̀ títí yóò fi rí róbótó. Ọ̀gá mi kì í nani. Ẹni tó bá ba orí nọ́ọ̀tì jẹ́, òun ni yóò fi ayùn irin gé e lábẹ́ ọkọ̀, ní dídùbúlẹ̀, bí àwọn yòókù bá ń lọ jẹun.

Kò sí ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ọkọ̀ wò. Síkúrúdíráfà gígùn kan ló ní, yóò fi ẹnu rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnì, yóò fi ìdí rẹ̀ kan etí. Yóò ní, "Ìkẹrin," ìyẹn ni pé sílíńdà kẹrin ni kò ṣiṣẹ́. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, a ó máa tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sùlù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́. Sílíńdà tó ń ṣiṣẹ́, bí o bá tú tirẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnì á yí padà. Èyí tó ti kú, ohùn ò ní yí. Ìkẹrin náà ni. Ọgbọ́n yìí wúlò lórí 352 títí dòní, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú àti ọwọ́ yín jìnnà síbi tí dísẹ́lì yẹn ti ń tú jáde.

Bí nọ́sùlù ṣe ń tẹ̀ léra wọn, bí orin la ṣe kọ́ ọ: ọ̀kan, márùn-ún, mẹ́ta, mẹ́fà, méjì, mẹ́rin. Wọ́n á jí ọ lójú oorun béèrè.

Ọjọ́ ọdún Ògún, a kì í ṣiṣẹ́. Ẹ̀wà yíyan, ẹmu, ajá. Àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí láàárín wa á ní àwọn ò bá wọn bọ ọ́, àmọ́ mi ò rántí ẹni tó kọ ẹmu.

*

Padà sí típà. Àwọn tó fèsì pọ̀, èrò wọn sì pín sí méjì: ẹni tó ní gé ṣásí kúrú, àti ẹni tó ní pààrọ̀ ẹ́ńjìnì sí 366.

Bí o bá máa gé ṣásí, má jẹ́ kí wọ́n gé e ní tààrà láti òkè délẹ̀. Ní ìdàgẹ̀rẹ̀ ni, kí ojú ibi tí wọ́n jó má baà wà lójú kan ṣoṣo. Kí wọ́n fi pákó irin tó nípọn tẹ́ inú rẹ̀ kọjá ojú ibi náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kí ẹnikẹ́ni má lu ihò sí etí òkè tàbí etí ìsàlẹ̀ ṣásí, ibẹ̀ ni gbogbo ìnira ń bọ́ sí. Ẹ̀gbẹ́ ni ihò ń gbé. Mo mọ wẹ́dà tó dáńgájíá tí kò gbà pẹ̀lú mi lórí ìdàgẹ̀rẹ̀, ó ní bí iná bá wọlé dáadáa, tààrà náà á dúró. Ó lè dúró lábẹ́ ọkọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì. Yanrìn kọ́.

Ti 366, ó wọlé láìní wàhálà púpọ̀, àbúrò 352 ni, ó sì lágbára jù ú lọ, pàápàá èyí tó ní tọ́bò. Ìbéèrè mi kan ni pé: nígbà tí o fi agbára kún un, ṣé o fi bíréèkì kún un? Bíréèkì 911 ṣì ni. Ọkọ̀ tó ń tètè gun òkè, dírẹ́bà rẹ̀ á fẹ́ máa tètè sọ̀ pẹ̀lú. Fi 352 sílẹ̀.

Kí o sì ṣírò ẹrù. Tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án lápapọ̀. Ọkọ̀ náà pẹ̀lú àpótí típà àti jáàkì tó ń gbé e sókè á ti kó bíi mẹ́rin nínú rẹ̀. Ó ku márùn-ún. Yanrìn tútù, kúbíìkì mítà kan ń lọ sí tọ́ọ̀nù méjì. Kò yẹ kó kọjá kúbíìkì mítà méjì ààbọ̀ nígbà náà. Mo mọ̀ pé wọn kì í bu bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà. Dá àpótí rẹ̀ kékeré látilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí àyè kún un.

*

Dírẹ́bà Ògèrè tún ti dé: bí ọkọ̀ ò bá fẹ́ jí láàárọ̀, ṣé kí òun máa fi àkísà bẹntiróòlù síbi tó ti ń fa afẹ́fẹ́ bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe?

Má ṣe é. Bẹntiróòlù lè gbiná kí písítìnnì tó dókè, kó máa lù ú nígbà tó ṣì ń bọ̀. Ariwo "kó-kó-kó" tó o máa ń gbọ́ yẹn, ríǹgì rẹ ló ń sunkún. Wo bátìrì, wo sítátà, kí o gbé pọ́ńpù àti nọ́sùlù lọ sọ́dọ̀ kalibrétà, ìyẹn ẹni tó ń tún wọn ṣe.

*

Àbúrò mi tó béèrè, bí màá ṣe náwó náà rèé bó bá jẹ́ tèmi. Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá ti fi ọwọ́ yí, má tíì tan án. Lọ sórí bíréèkì: rọ́bà sílíńdà ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti ọ̀gá sílíńdà lábẹ́ pẹ́dà, gbogbo họ́ọ̀sì rọ́bà, ọ́ọ̀lì tuntun. Kí wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀mù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú rẹ. Bí mẹkáníìkì bá ní ti ẹ̀yìn kò nílò ṣíṣí, wá ẹlòmíràn. Àwọn jọ́íǹtì ọwọ́ ìdarí ló kàn. Táyà rẹ̀ lè ṣì ní ojú, ṣùgbọ́n wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn DOT lára rẹ̀: 2309 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2009. Irú ìyẹn, fi ṣe ìjókòó. Ìgbà yẹn ni kí o tó wá sórí pọ́ńpù, nọ́sùlù, rédíétọ̀. Típà ló kẹ́yìn. Bí owó bá tán láàárín, ọkọ̀ tó lè dúró tí kò lè lọ wà lábẹ́ máńgòrò rẹ, kò pa ẹnikẹ́ni lára.

O tún béèrè nínú ìfèsì rẹ nípa bí o ṣe máa gbé e dé ṣọ́ọ̀bù nígbà tí bíréèkì kò sí. Má lo okùn, má sì lo ṣéènì. Ọkọ̀ tí a fi okùn fà tí kò ní bíréèkì, ìdí ẹni tó ń fà á ló máa gbá. Yá irin gbọọrọ tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ọkọ̀ tó bàjẹ́, èyí tó ní ihò méjì lẹ́nu. Yọ ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn láti jíábọ́ọ̀sì. Fi ẹnìkan tó mọ ọkọ̀ wà sídìí sìtíárì, kí ọmọ iṣẹ́ méjì máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú igi ìdènà lọ́wọ́, àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ sì lọ, kí ọ̀nà tó kún.